Ẹ̀KỌ́ ÀJỌ̀DÚN: ÀDÚRÀ PẸ̀LÚ ÌṢỌ́

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 4:7-9, Lúùkù 14:31-32

A kọ ẹ̀kọ́ kékeré yìí nítorí ìbéèrè kan tí kò tán nílẹ̀ ní kíláàsì Bíbélì wa: bí àwọn tí ń fi orúkọ ẹ̀sìn pa ènìyàn bá ń halẹ̀ mọ́ ìlú, ṣé orí ìkúnlẹ̀ nìkan ni kí Aládùúrà wà, àbí kí ó jáde sí títì kí ó wí pé ó tó gẹ́ẹ́?

Nehemáyà ti dá wa lóhùn. Nígbà tí ọ̀tá gbìmọ̀ sí Jerúsálẹ́mù, ó gbàdúrà, ó sì yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Kò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

1. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ìjọ sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Boko Haram jí Ẹni Ọ̀wọ̀ Lawan Andimi gbé, wọ́n sì pa á. Òun ni alága CAN ní Michika, ìpínlẹ̀ Adamawa. CAN kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta; ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi 2 oṣù kejì, àwọn ìjọ jáde rìn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Pásítọ̀ E. A. Adéboyè gbé páálí lọ́wọ́ l'Ékòó. Ẹ kíyè sí i: ààwẹ̀ ló ṣáájú, ẹsẹ̀ ló tẹ̀lé e.

2. Kí á mọ ẹni tí à ń bá wí. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù kẹfà, 2022, àwọn agbébọn pa bí ogójì ènìyàn nínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis l'Ọ́wọ̀, tọmọdé tàgbà. Ọkàn gbogbo wa gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní 28 oṣù kọkànlá, 2014, bọ́ǹbù àti ìbọn pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kano, lásìkò ìrun Jímọ̀, lẹ́yìn tí Ọba Kano, Muhammadu Sanusi Kejì, rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n gbèjà ara wọn lọ́wọ́ Boko Haram. Mùsùlùmí ló kú níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tìtorí Ọ̀wọ̀ di kùnrùngbùn sí Alhaji tí ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, kò tíì bá ọ̀tá wí, aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá jà. Ṣàṣà sì ni ilé tí kò ní Mùsùlùmí nínú ẹbí n'Íbàdàn yìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́bàá Agbowó, ọ̀rọ̀ àgbélébùú tí ó dojú kọ mọ́ṣáláṣí dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ ní 1985 sí 1986. Nígbẹ̀yìn, ògiri ni wọ́n mọ sí àárín. Méjèèjì sì wà níbẹ̀ títí di òní.

3. Kí á wọn ewu kí á tó pariwo. Ọba inú Lúùkù kọ́kọ́ jókòó ka ọmọ ogun. Ní alẹ́ 16 oṣù kìn-ín-ní, 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà. Ilé wó, ènìyàn 5 kú, 77 farapa. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé Boko Haram ti dé. Gómìnà Mákindé sì ṣàlàyé pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sílé ni. Ẹni tí kò mọ irú ewu, kò ní mọ irú ìṣọ́. Ní 18 oṣù kọkànlá, 2025, àwọn agbébọn wọ Christ Apostolic Church ní Eruku, Kwara, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó 38 lọ. Ìròyìn ayọ̀ dé ní ọjọ́ 23 pé wọ́n ti gba ìtúsílẹ̀. Iṣẹ́ agbénipa nítorí owó kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Ọ̀wọ̀, èyí tí ìjọba gbé ọkùnrin 5 lọ sílé ẹjọ́ lé lórí ní 2025, tí ẹ̀sùn náà sì dárúkọ Al-Shabaab, ẹgbẹ́ tó fìdí múlẹ̀ ní Somalia. Ti àkọ́kọ́ ń wá owó. Èkejì ń wá kí á bẹ̀rù, kí á sì gbógun ti ara wa. Bí a bá kọ ojú ìjà sí aládùúgbò, a ti bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

4. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ìṣọ́ òru, kí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, kí ọ̀nà àbájáde kejì wà ní ṣíṣí. Kí nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ àwọn alábòójútó. Ìròyìn tí a kò bá tíì wádìí, kí á má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí CAN bá sì pe ìwọ́de, kí á jáde láìsí igi, láìsí èébú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(i) Kí ni Nehemáyà ṣe lẹ́yìn àdúrà?
(ii) Ta ni jàǹdùkú náà ṣe ní ibi ní Kano ní 2014?
(iii) Báwo ni ìjọ tìrẹ ṣe ń ṣọ́ géètì ní ìṣọ́ òru?

Kí Olúwa tí kì í sùn fi ọgbọ́n ìṣọ́ fún wa. Àmín.