Ẹ̀kọ́ nípa Ìfọkàntán: Ohun tí Ẹṣin Ń Kọ́ni

Ní ìlú Kánò, ní àsìkò ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ àti ọdún Iléyá, Hawan Sallah ni wọ́n ń pe ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Durbar. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé. Àwọn ẹlẹ́ṣin a sáré kíkankíkan lọ bá ọba, wọn a dúró lójijì níwájú rẹ̀, wọn a sì na ọwọ́ sókè kí i. Ìlù ń dún, kàkàkí ń ké, èrò pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹṣin kan bá kọ̀ tí kò dúró, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ìjánu nìkan kọ́ ló ń dá a dúró; ìfọkàntán tó ti wà láàárín òun àti ẹni tó gùn ún ṣáájú ọjọ́ náà ni.

Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ẹṣin. Ogun ẹlẹ́ṣin wà nínú ohun tó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di alágbára, láti apá Òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin wọn. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lónìí.

1. Kí á gba ojú wá. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà. Ó ń rí púpọ̀ yí ara rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá yọ́ wá láti ẹ̀yìn lè jẹ ìpá. Ẹṣin náà kò burú, ẹ̀rù ló bà á. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ a gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, a sì máa sọ̀rọ̀ bó ti ń bọ̀. Bákan náà, ìpinnu tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ bá ṣe ní kọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ dára, ìfura ni yóò bí.

2. Kí á dẹ ìjánu. Bí ẹṣin bá ti gbọ́ràn, ẹni tó gùn ún a dẹ ìjánu lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹṣin ti mọ̀ pé òun ṣe é dáadáa. Bó bá ń fà á ṣáá, ẹṣin kò ní ka ìjánu sí mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá san owó rẹ̀ yẹ fún ìwé ẹ̀rí àti ọpẹ́, kì í ṣe owó tuntun lọ́jọ́ kejì.

3. Kí á yẹ gàárì wò. Bó ti wù kí ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin mọ ara wọn tó, ẹlẹ́ṣin a fọwọ́ wo okùn gàárì kó tó gùn ún. Kò fi bẹ́ẹ̀ bú ẹṣin. Yíyẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò kì í ṣe ẹ̀sùn olè; ààbò ni fún akápò pẹ̀lú.

Fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi, àpò ẹgbẹ́ lè jẹ́ owó ilé ìwòsàn, tàbí owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú rẹ̀ délé. Bí a bá ṣí àpò náà lọ́jọ́ ìṣòro tí a bá a lófìfo, ta ni yóò tún dá owó? Pàṣán kan tí a fi ìbínú nà ẹṣin lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú ni òtítọ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Fún ìjíròrò: Ìgbà wo ni a ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn? Ìpinnu wo ni a ṣe tí àwọn tó kàn kò mọ̀ sí, báwo ni a ó sì ṣe tún un ṣe?