Kíka Ìtàn Iná Lára Igi: Igbó Eucalyptus ti Victoria

Nínú igbó orí òkè ní ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Eucalyptus regnans ló ga ju gbogbo igi yòókù lọ. Ó wà lára àwọn igi tó ń yọ òdòdó tó ga jù lọ láyé; èyí tó ga jù lára wọn, ní Tasmania, tó nǹkan bí 100 mítà. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni pé, lọ́pọ̀ ibi, ojúgbà ni gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn hù lẹ́yìn iná ńlá ti oṣù Kíní ọdún 1939.

Eucalyptus camaldulensis tí wọ́n gbìn káàkiri Àríwá Nàìjíríà, bí a bá gé e, á tún rúwé láti ìdí kùkùté. Regnans kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, iná líle sì máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ó ti tọ́jú kóró sínú àwọn èso kéékèèké líle lókè téńté. Ooru iná á mú kí èso náà gbẹ, wọn á là, kóró á sì rọ̀ sórí eérú níbi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa. Lábẹ́ òjìji, ọmọ igi yìí kì í dàgbà.

Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín iná kan sí èkejì ló ń pinnu irú igi tí a ó bá níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí 20 ọdún kí ọmọ regnans tó ní kóró tó pọ̀ tó. Bí iná bá padà dé ṣáájú ìgbà náà, Acacia dealbata, tí kóró tirẹ̀ ń sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló máa jogún ilẹ̀. Bí iná kò bá sì wá rárá fún ọdún 400 tàbí 500, àwọn àgbà á kú láìní arọ́pò, Nothofagus cunninghamii tó fara da òjìji á sì gba ipò wọn. W. D. Jackson kọ irú àlàyé yìí nípa Tasmania ní 1968.

Ẹ má rò pé gbogbo iná ló ń pa gbogbo igi o. Ibi tí ẹ bá ti rí ìran regnans méjì pọ̀, ó ṣeé ṣe kí iná tó kọjá níbẹ̀ má le púpọ̀.

Àlàfo yìí ti ń kúrú báyìí. Lórí àwọn òkè gíga Victoria, iná 2003, ti 2006 sí 2007 àti ti 2013 jó apá kan igbó Eucalyptus delegatensis léraléra. Ìbátan regnans ni, iná sì ń pa òun náà. Níbi tí kóró ti tán, ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó fi ń fọ́n irúgbìn. Orí àwọn igi tó ti dàgbà, tí iná ò tíì pa, ni wọ́n sì ti ń ká kóró náà.