Bí A Ṣe Ń Fi Iná Wo Sẹ́ẹ̀lì Láìpa Á

Ẹ gba Ọjà Balógun kọjá lọ́sàn-án Sátidé: aláṣọ ti pàtẹ dé àárín títì, oníbàtà jókòó tì í, ẹsẹ̀ ò ráyè. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, títì kan náà dá páropáro. Láìka orí ẹnikẹ́ni, mo lè fi bó ṣe pẹ́ mi tó kí n tó kọjá mọ bí ọjà ṣe kún sí. Iṣẹ́ tí impedance ń ṣe láàbù nìyẹn.

Ivar Giaever, tó gba ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní 1973, àti Charles Keese ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1984. Wọ́n tẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ awo, wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì lé e, wọ́n wá rán iná tíntìntín gba ibẹ̀. Ọ̀rá wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, kì í jẹ́ kí iná kọjá bọ̀rọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń bo wúrà ni ìdènà ń ga. Bí wọ́n bá kú, tí wọ́n ṣí kúrò, á wálẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé tí frequency bá kéré, iná á máa wá àlàfo láàárín sẹ́ẹ̀lì gbà. Tó bá ga, á gba inú sẹ́ẹ̀lì gan-an, torí awọ wọn ń ṣe bíi capacitor. Ti kékeré ń sọ bí wọ́n ṣe fara mọ́ra tó, ti gíga ń sọ bí wọ́n ṣe bo ilẹ̀ tó.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àgbo ni. Àwọn tó ń mu ún l'Ékòó pọ̀, ẹ̀dọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. MTT tí a mọ̀ dáadáa máa ń yí láti ìyeyè sí elése àlùkò tí sẹ́ẹ̀lì bá wà láàyè. Ṣùgbọ́n omi ewé àti egbò mìíràn lè yí i padà fúnra rẹ̀, a ó wá máa pe òkú sẹ́ẹ̀lì ní alààyè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni MTT ń wo sẹ́ẹ̀lì. Impedance lè ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kó fi hàn bóyá wákàtí kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí ọjọ́ kejì. Májèlé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ má kàn gbà á gbọ́ ṣá o. Iyọ̀ inú àgbo lè yí bí iná ṣe ń kọjá padà, nítorí náà ẹ fi àgbo sí ihò kan tí kò ní sẹ́ẹ̀lì. Bí ìdènà bá já wálẹ̀, ẹ fi máíkírósíkóòpù wò ó: sẹ́ẹ̀lì lè kàn ká jọ láìkú. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí incubator kúrò ní 37°C, ìlà náà á yí láìjẹ́ pé àgbo ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ àsìkò náà sínú ìwé yín.