Bíbomi Rin Ẹ̀fọ́ Láti Abẹ́ Ilẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ránpẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ oko sì ni pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí etí kànáàlì kan ní Ìsọlọ̀. Wọ́n a sì máa kó o lọ tà ní Òṣòdì. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, òjò a máa wọ́n ní Èkó. Ìgbà náà ni ẹ̀fọ́ ń lówó lórí, ìgbà náà sì ni ẹ̀yìn ń dun Màmá jù, nítorí pé láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n ń gbé garawa omi. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yunifásítì, nínú gbogbo ìwé tí ẹ ń kà yìí, ṣé kò sí èyí tó lè bá mi gbé garawa?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Wọ́n ti ń sọ pé àwọn yóò fi oko ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó oko yìí wà lára ohun tí mo fi ń kàwé.

1. Ta ní ń mu omi wa?
Bí a bá da omi sórí ebè, oòrùn yóò mu nínú rẹ̀, koríko yóò mu, òmíràn yóò sì ṣàn lọ. Gbòǹgbò nìkan la torí rẹ̀ pọnmi. Ọgbọ́n tó kù ni pé kí a gbé omi lọ bá gbòǹgbò níbi tó wà.

2. Ìkòkò
Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fan Shengzhi kọ ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kristi, ti sọ nípa ríri ìkòkò omi mọ́lẹ̀ láàárín ohun ọ̀gbìn. Ẹ wo àmù ilé wa: ara rẹ̀ a máa tutù, a máa rin, nítorí pé amọ̀ tí a sun ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí. Bí a bá ri irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò Dàda ń mọ ní Ìlọrin, mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, tí a rọ omi kún un, tí a sì dé e, ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò máa fa omi jáde. Bí ilẹ̀ bá ti rin, fífà náà yóò dínkù fúnra rẹ̀.

3. Rọ́bà
Ní 1965, àwọn ará Hatzerim ní Ísírẹ́lì dá Netafim sílẹ̀ láti máa ṣe rọ́bà tí ń kán omi, lórí ọgbọ́n Simcha Blass. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Kalalé ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn obìnrin abúlé Bessassi àti Dunkassa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ agbára oòrùn fa omi sínú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ní 2007, láti gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orí ilẹ̀ ni tiwọn wà. Bí a bá fẹ́ ri tiwa mọ́lẹ̀, báyìí ni:

(a) Kí a gbé dúrọ́ọ̀mù sórí nǹkan tó ga tó mítà kan.
(b) Kí a fi asẹ́ sẹ́nu ibi tí omi ń gbà jáde.
(d) Kí a ri rọ́bà tó ní ojú wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ojú rẹ̀ kọ sókè.
(e) Kí a lè máa ṣí ìdí rẹ̀, kí omi lè fọ ìdọ̀tí jáde.

Bí ebè bá gùn tó mítà 10, tí ojú kan sì jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 30, ojú bíi 33 ni yóò wà níbẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń kán lítà kan ní wákàtí kan, lítà 33 ni ebè náà yóò mu.

4. Ohun tí ojú wa rí
Ebè méjì ni a fi dán an wò. Omi kànáàlì la kọ́kọ́ rọ láìsẹ́ ẹ; kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹrẹ̀ ti dí rọ́bà. Èkejì, irúgbìn ewédú kò hù, torí pé abẹ́ ilẹ̀ rin, òkè rẹ̀ gbẹ. A ní láti máa wọ́n omi sórí rẹ̀ títí gbòǹgbò fi wọlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọkọ́ Màmá gé rọ́bà sí méjì. Láti ìgbà náà ni a ti ri igi mọ́ ọn láti fi ṣàmì. Ilẹ̀ wa tún jẹ́ iyanrìn, omi a máa lọ tààrà sísàlẹ̀ dípò kó tàn kálẹ̀, nítorí náà rọ́bà gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ta sí ewé lára, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí kò torí bẹ́ẹ̀ di omi mímọ́. Ẹ̀fọ́ náà kò kúrò ní ohun tí à ń fọ̀ dáadáa.

Garawa kò tíì kúrò lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ṣì ń fi kún dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ebè méjì yẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọn kò fi oko sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá rọ́bà sí i fún ebè yòókù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè yìí kò bá lè fi í ṣàlàyé irú ọgbọ́n báyìí fún àwọn ìyá wa létí oko, ta ni yóò ṣe é?