Àtọ̀gbẹ lára ológbò tó ti dàgbà

Ìbéèrè: Ológbò mi ti pé ọdún 12. Dókítà ẹranko ní ó ní àtọ̀gbẹ, pé kí n máa gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣé kò ti dàgbà jù fún wàhálà yìí?

Ìdáhùn: Kò dàgbà jù. Àtọ̀gbẹ ológbò jọ èyí tó sábà máa ń ṣe àwọn àgbàlagbà ènìyàn: ara ṣì lè máa pèsè ínsúlínì, ṣùgbọ́n kò tó o mọ́. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tí dókítà sì yan oúnjẹ tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ fún un, àwọn ológbò kan máa ń bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ láàárín oṣù mélòó kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìdádúró ló ń ba àǹfààní yìí jẹ́. Ẹ lè ní abẹ́rẹ́ yóò dùn ún jù. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín púpọ̀: ẹ rọra fa awọ ìhà rẹ̀ sókè, ẹ gún un sábẹ́ awọ náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ mira. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún gan-an ni kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má wálẹ̀ jù. Bí kò bá jẹun, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gún un. Bó bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀, ẹ fi oyin ra èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà kíákíá.