Ọ́kíìdì Oníbàtà Nínú Ooru Miami

Àpò kan wà lára òdòdó ọ́kíìdì oníbàtà, ó rí bí iwájú sílípáàsì. Pańpẹ́ ni. Kòkòrò tó bá já sínú rẹ̀ kò ní lè gba ibi tó bá wọlé jáde. Ihò kékeré ẹ̀yìn ni yóò fún ara rẹ̀ gbà, ibẹ̀ sì ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Éṣíà ni irú tí wọ́n ń pè ní Paphiopedilum ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ará Miami ní gúúsù Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Láti oṣù Òkúdù dé oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ooru ọ̀sán ibẹ̀ máa ń tó 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òru kì í tutù, òjò sì ń rọ̀ ṣáá. Bí ọ́kíìdì yìí bá kú, ooru ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ní tèmi, ẹ̀bi irú tí wọ́n rà ni, àti ti omi tó sùn mọ́ ọn lára.

Ẹ wo ewé kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ aláràbarà, bíi callosum ti Thailand, sábà máa ń fara da ooru. Ewé irú tí wọ́n ń pè ní insigne kò ní àmì kankan. Orí òkè tútù ní India ló ti wá. Bí òru kò bá tutù, ewé lásán ni yóò máa yọ. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá èso ni wọ́n fi gbìn ín. Láti 1990 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ka títa èyí tí wọ́n hú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, nítorí àwọn tó ń hú u fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Ó dùn mí gan-an.

Ọ́kíìdì yìí kò ní ibi tó ń tọ́jú omi pamọ́ sí. Kò gbọdọ̀ gbẹ, kò sì gbọdọ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, a kì í fi yẹ̀pẹ̀ gbìn ín; èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú èédú díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè dé gbòǹgbò. Èèpo igi tètè ń jẹrà nínú ooru, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ajílẹ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín. Omi tó bá dúró sáàárín ewé mọ́jú a máa jẹ́ kí ó jẹrà láti ìdí. Ẹ fi àwọ̀n dúdú ṣíji bò ó.

Òdòdó kan lè lò ju oṣù kan lọ. Ìdì ewé tó bá ti tanná kò ní tanná mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gé e. Òun ló ń bọ́ ọmọ tó ń yọ nídìí rẹ̀, ọmọ yẹn ló sì máa tanná tó kàn.