Ẹni Inú Ìtàn Tí A Ó Gbà Gbọ́

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní kíláàsì, ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Ó ń ṣàìsàn, ó ń jẹ́wọ́ ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè. Àṣé I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́!

Kí ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́? Ó ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀. Ó ń fi ẹwà rẹ̀ yangàn, kò pẹ́, ó ti ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn rí.

Ẹ wo Kodjoviakopé wa yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè Gánà. Bí ẹ bá kọ pé, “Obìnrin kan ń ta gaàrí, ó níwà rere,” a ò tíì rí i. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ó ń bọ̀ láti Aflao, ó so owó mọ́ etí ìró. Bó ti rí aṣọ́bodè, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí kókó náà.” Ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, àbí? A ò tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ń bà á.

Owó ilé-ìwé ọmọ ni, àbí gbèsè? Ẹ mọ èyí kí ẹ tó mú kálàmù.

Ṣùgbọ́n ẹ má kó aládùúgbò yín lódindi sínú ìwé o! Ẹnìkan ṣe é ní kíláàsì mi. Gbogbo wa mọ obìnrin náà, òun náà sì jókòó níbẹ̀. Kò wá mọ́. Ẹ mú ìrìn ẹnìkan, ẹ mú ohùn ẹlòmíràn, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tuntun.

Iṣẹ́: Aṣọ́bodè ní kí ìyá yẹn tú kókó náà. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta lórí ohun tó ṣe.